Jíìpù Ààrẹ Lórí Òṣùwọ̀n PK8

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ọkọ̀ wà, mi ò mọ ìṣirò, mi ò sì sí nínú ìgbìmọ̀ kankan tó ní òǹtẹ̀. Ojú lásán ni mo ní, àti etí méjì, àti ẹnu tí ìyá mi bá wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló sọ èyí fún yín nípa Ààrẹ wa, ẹ ní ẹ kà á níbì kan.

Ààrẹ tí mò ń wí ni Ọ̀mọ̀wé Olóyè Ọládòṣù, Ààrẹ Pátápátá Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá ní Douala, Òpómúléró Odò Wouri. Orúkọ náà gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé e kúrú níwájú rẹ̀, òòró ni yóò dúró títí ìpàdé yóò fi parí. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. A ṣáà jí lọ́jọ́ kan, a bá oyè náà lára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe fún wa ni pé ó ń buwọ́ lùwé. Ní ìlú onílùú, ìwé ló ń sọni di ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe, èyí tí a ń pè ní séjour, gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà ẹgbẹ́ dání. Ààrẹ ni yóò buwọ́ lu lẹ́tà náà, akọ̀wé ni yóò tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Bí ọ̀kan bá kù nínú méjèèjì, bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi.

Ó kan jíìpù. Jíìpù ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún aṣálẹ̀ àti ẹrẹ̀, ó dúró síwájú ilé Ààrẹ ní Madagascar. Madagascar ti New Bell ni o, kì í ṣe ti àárín òkun. Ọdún kẹta rèé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Adìẹ ti pamọ lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní ó kú. Ó ń sinmi ni. Bí ẹ bá kí Ààrẹ láàárọ̀, tí ẹ kí ìyàwó rẹ̀, ẹ ó tún ní, "Jíìpù ńkọ́, Bàbá?" Yóò ní, "Ó ń sinmi." Ẹ ó ní, "Kó sinmi dáadáa o." Mo ti kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ò tì mí. Èmi náà ní séjour.

Nígbà tó wá yá, gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Cameroon fẹ́ pàdé ní Bertoua láti yan Ààrẹ àwọn Ààrẹ. Láti Douala dé Bertoua lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà. Ọládòṣù jókòó, ó ronú bí ọ̀mọ̀wé, ó sì rí i pé ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù ni wọn yóò dìbò fún. Ààrẹ ẹ̀ka tó ti Yaoundé wá sípàdé lọ́dún tó kọjá, inú takisí tó há mọ́ ewúrẹ́ méjì ló ti jáde, fìlà rẹ̀ sì ń rùn. Ni Ọládòṣù bá ránṣẹ́ sí Fùwàd.

Fùwàd ni mẹkáníìkì wa ní Nkololoun. Píkọ́ọ̀pù tí Bàdámọ́sí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni ọkọ́ rẹ̀, òun náà ni àdá rẹ̀. Òun ló fi ń kó ẹ́ńjìnnì káàkiri, òun ló fi ń bọ́ Husnah ìyàwó rẹ̀ àti Ṣìkẹ́ ọmọ wọn. Séjour rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó kú. Lẹ́tà rẹ̀ ti wà lápò agbádá Ààrẹ láti oṣù méjì.

"Fùwàd ọmọ Bàdámọ́sí," ni Ààrẹ wí, "mo ti yàn ọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Fún kí ni?"

"Ìwọ ni yóò fa jíìpù mi dé Bertoua. Bí a bá dé ọ̀hún, n ó buwọ́ lu lẹ́tà rẹ."

Fùwàd wo jíìpù lójú fèrèsé. Adìẹ kan wò ó padà.

"Bàbá, ṣé kò ní dáa kí n tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe níbí?"

Akíntúndé, akọ̀wé ẹgbẹ́, fò sókè. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, báàgì òǹtẹ̀ kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń gbé e wọ ilé ìwẹ̀. "Ẹnu ẹ mélòó, Fùwàd? Ṣé o rí ọba tó ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn níbi tí àwọn tó máa gbé e ti ń bẹ? Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kọ́ lèyí. Iyì ni!"

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ààrẹ wí.

Fùwàd dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wúwo tó ná. Tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ ni agbára píkọ́ọ̀pù mi mọ. Tí a bá ń gun òkè, èmi ni mo ń fà á. Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, òun ló ń tì mí. Tó bá fi wúwo ju agbára mi lọ, bíréèkì mi kò ní lè sọ pé rárá."

Ó gba ìwé ọkọ̀, ó kà á. "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni ẹgbẹ̀rún méjì ó lé àádọ́jọ kílò. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni ìgbà tó ṣófo..."

"Ta ló ṣófo?"

"Jíìpù ni, Bàbá. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ ti wá fi irin mọ́ ọn níwájú, ẹ fi mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ fi irin tí a ń kó ẹrù lé sórí, ẹ so táǹkì kejì mọ́ ọn lábẹ́. Gbogbo ìyẹn á tó igba ó lé àádọ́ta. A ò tíì ka ẹrù, a ò tíì ka èèyàn. Jacques tó ń ra irin àlòkù ní PK8 ní òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ ń gùn. Kí a kàn gbé e gùn ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ẹ ò bá rí Ààrẹ. Agbádá gun èjìká òsì, ó gun èjìká ọ̀tún.

"Jíìpù èmi Ọládòṣù? Níbi tí wọ́n ti ń wọn irin ìdọ̀tí? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ fẹ́ wọn jíìpù fún oníjíìpù! Mo ní ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu bó ṣe wúwo tó."

Ẹ gbà mí gbọ́, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá jókòó yí jíìpù ká, wọ́n ń dìbò lórí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó pe orúkọ Ààrẹ tán pátá (ìyẹn gba ìṣẹ́jú kan), ó ní ohun tí ọwọ́ ẹni ńlá bá kàn kì í fúyẹ́, ó kéré tán, jíìpù náà á tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kejì rí ẹ̀rín náà, ó ní mẹ́rin kẹ̀? Méje ni. Ẹnì kẹta ní òun ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, òun ti rí ọkọ̀ ojú omi tó rì torí ohun tí kò tó jíìpù yìí. Nígbà tó fi máa kan Akíntúndé, ó ti di tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Fùwàd dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, píkọ́ọ̀pù mi ò lè fà á. Ọlọ́run á wá ẹlòmíràn fún yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ààrẹ. Ó wo Akíntúndé. Akíntúndé wo ìwé. Ó húkọ́ sí ọwọ́.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ á tún un wò. A ti sọ̀rọ̀ nípa títóbi Ààrẹ. A ò tíì sọ nípa ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀."

Áà, wọ́n rántí ìrẹ̀lẹ̀! Ẹni tó sọ mẹ́rin ní bó ṣe rẹlẹ̀ tó yẹn, tọ́ọ̀nù méjì ni. Ẹni tó sọ méje ní tọ́ọ̀nù kan ni. Ará èbúté ní òun ti fi ọwọ́ kan tì í rí tó sì mì. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, jíìpù Ààrẹ ti di ẹgbẹ̀rin kílò, ìyẹn sì kéré sí ìwọ̀n màlúù méjì. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, Ààrẹ buwọ́ lù ú, Akíntúndé tẹ òǹtẹ̀ lù ú gbàgà. Ẹ kíyè sí i pé ìwé jíìpù gba ìṣẹ́jú méjì. Ìwé Fùwàd wà lápò láti oṣù méjì.

Fùwàd gbé ìwé náà dé ilé. Husnah kà á, ó tún un kà.

"Bàbá Ṣìkẹ́, ṣé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà mọ̀wé kà?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Husnah, séjour mi ku ọjọ́ mẹ́jọ. Tí wọ́n bá mú mi láìsí ìwé, ta ló máa wa píkọ́ọ̀pù ọ̀hún?"

"Tí píkọ́ọ̀pù bá bọ́ sínú ọ̀gbun, kí lo máa fi séjour ṣe? Kí o máa fi fẹ́ ara ẹ níbojì?" Ó ká ìwé náà, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. "Èmi náà ń lọ. Tí o bá máa kú, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wá ròyìn ẹ̀ fún mi."

Ó dọjọ́ Sátidé. Ààrẹ ti kéde pé àgbà kì í rìn lọ́wọ́ òfo, kí olúkúlùkù mú ẹ̀bùn wá kún jíìpù. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Ẹni tó mú àpò ìrẹsì kan wá rí ẹni tó mú méjì, ó sáré padà lọ mú mẹ́ta. Wọ́n kó àpò mẹ́rin màkábò, ìyẹn kókò ilẹ̀ ibí, wọ́n kó ọlọ, wọ́n gbé odó pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n to páálí ohun mímu. Wọ́n gbé àga ìrókò kan tó ní orí kìnnìún méjì, èyí tí Ààrẹ fẹ́ jókòó lé bí wọ́n bá dìbò yàn án. Wọ́n ki àwòrán rẹ̀ tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Akíntúndé ká ara rẹ̀ mọ́ àárín kìnnìún àti màkábò, báàgì òǹtẹ̀ láyà. Ààrẹ wá gun iwájú, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ní kí àwọn ará ọ̀nà lè rí i pé òun lòun ń wà á. Jíìpù ké. Mo gbọ́ ọ. Ó ké bí ìyá arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.

Fùwàd so ọ̀pá irin mọ́ ọn. Husnah jókòó tì í. Ìgbìmọ̀ gun bẹ́ńsíkìn, alùpùpù mẹ́rin fún ènìyàn mẹ́wàá, wọ́n ní àwọn yóò sìn ín dé PK8; èmi náà há ara mi mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìdágbére gba wákàtí kan. N kò ní tún un sọ. Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ láti ṣe.

Wọ́n gbéra. Òórùn bíréèkì tó ń jóná ti gba afẹ́fẹ́ kó tó di pé wọ́n kúrò nígboro. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé PK8, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Mo ní díẹ̀. Ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Fùwàd tẹ bíréèkì. Píkọ́ọ̀pù ń lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ń sáré, jíìpù ń tì í nídìí bí àgbò tó ti bínú láti àárọ̀.

"Ó ti jí!" ni Ààrẹ ń pariwo, ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn ọ̀nà. "Ẹ wò ó! Jíìpù mi ti jí!"

"Ó jí o! Ó jí!" ni Akíntúndé ń gbè é láàárín màkábò.

"Yà á sọ́tùn-ún!" ni Husnah kígbe. "Ọ̀tún, Bàbá Ṣìkẹ́! Ilé Jacques!"

Gééètì àgbàlá irin Jacques ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Fùwàd yà á wọlé, òkè kékeré náà gba eré lẹ́sẹ̀ wọn, píkọ́ọ̀pù kọjá síwájú, jíìpù sì dúró gẹ́lẹ́ lórí pẹpẹ irin òṣùwọ̀n. Ta ló ṣí gééètì dè wọ́n? Àwọn kan ní Husnah ti fóònù Jacques láti àná. Èmi ò mọ nǹkan kan, mo ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀.

Fùwàd bọ́ sílẹ̀. Ó tú ọ̀pá irin kúrò lára jíìpù. Nọ́ńbà pupa tàn lára ògiri, ó tóbi tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ta bọ̀bọ́lò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé wé, ní òdìkejì títì rí i: 3640.

"Òṣùwọ̀n yìí ń purọ́," ni Akíntúndé wí. "Ìgbìmọ̀ ti pinnu. Ẹgbẹ̀rin ni!"

Jacques jáde. Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa ló ti kọ́ Yorùbá, nítorí náà, Yorùbá tirẹ̀ kò ní "ẹ" nínú. Gbogbo ènìyàn, "ìwọ" ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ bàbá, káàbọ̀. Ẹrù ẹ pọ̀, patron. Sọ ọ́ kalẹ̀."

Fùwàd ní, "Tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ ni mo lè fà. Ohun tó bá lé lórí ẹ̀, mi ò fà á mọ́. Ẹ pa mí síbí."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù. Akíntúndé ni ẹrù àkọ́kọ́. Wọ́n gbé ìrẹsì, wọ́n gbé màkábò, nọ́ńbà ń já bọ́, àwọn èrò ń kà á sókè ní French bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ìgbìmọ̀ tó ti ń du ẹni tí ẹ̀bùn tirẹ̀ pọ̀ jù láàárọ̀ kò mọ ẹni tó gbé odó wá mọ́. Wọ́n gbé kìnnìún. Wọ́n gbé àwòrán, wọ́n fi ti ara òkìtì irin, ó ń wò wá. Nígbà tó kù sórí 2540, kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ mọ́.

"Ó ku ogójì kílò," ni Fùwàd wí.

Wọ́n wá ogójì kílò náà títí. Wọ́n rí adìẹ kan lábẹ́ ìjókòó, wọ́n gbé òun àti ẹyin rẹ̀: 2538. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú gbogbo wọn lọ síbì kan náà, ó sì yẹra kíákíá. Ààrẹ ṣì di ìdarí mú. Ó tó ogóje kílò dáadáa, láìka agbádá. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bí dáadáa nínú wa tí yóò sọ fún àgbà pé òun ló kù?

"Ìwọ bàbá," ni Jacques wí, "ìwọ ló kù. Bọ́ sílẹ̀, lọ jókòó nínú píkọ́ọ̀pù."

"Kí n jókòó ti mẹkáníìkì wọ Bertoua? Bí èmi bá bọ́ sílẹ̀ níbí, kí ni jíìpù yìí dà?"

"Irin," ni Jacques dáhùn. Òótọ́ ni. Ó fẹ́ràn irin. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Ààrẹ ki ọwọ́ sápò, ó fa lẹ́tà Fùwàd yọ, ó tẹ́ ẹ sórí ìdarí ọkọ̀, ó buwọ́ lù ú, ó nà án jáde lójú fèrèsé. "Gbà! Mo ti buwọ́ lù ú! Sọ fún wọn pé o lè fà mí!"

Fùwàd fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ 2538."

"Ìgbìmọ̀!" Ohùn Ààrẹ gba gbogbo àgbàlá. "Ìgbìmọ̀ mi! Ẹ dìbò! Ẹ dìbò pé mo fúyẹ́!"

Ẹ wo àwọn àgbà tó ti sọ tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án di ẹgbẹ̀rin kílò láàárín wákàtí méjì. Ẹnì kan ń wo bàtà rẹ̀. Ẹnì kan ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ará èbúté ti rántí pé òun ní ìpàdé ní Akwa. Nọ́ńbà pupa ń wo gbogbo wọn, kò ṣẹ́jú, kò sì mọ orúkọ oyè ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ kan wá gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ Akíntúndé ni.

"Àbá mi yàtọ̀ o," ló wí. "Bí ara Ààrẹ wa kò ti gbà á láti lọ mọ́, ẹ̀ka Douala kò gbọdọ̀ ṣaláìní aṣojú ní Bertoua. Mo dábàá pé kí akọ̀wé di adelé Ààrẹ láti ìsinsìnyí lọ."

Ẹni tó ń bá adìẹ sọ̀rọ̀ kín in lẹ́yìn. Wọ́n dìbò. Ẹni tó ń bó ọsàn kò ní tíì bó o tán. Akíntúndé kọ ìwé oyè tuntun fún ara rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú lórí orí kìnnìún, ó gba iwájú píkọ́ọ̀pù lọ, ó jókòó sí àyè Husnah, ó sì na àyà tí kò ní. Kódà ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Fùwàd ọmọ Bàdámọ́sí," ló wí, "jẹ́ ká máa lọ."

Fùwàd nà án ní lẹ́tà. "Ẹ bá mi tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ẹ̀gbọ́n. Òun nìkan ló kù."

Akíntúndé fi báàgì mọ́ àyà. "Bí a bá dé Bertoua, n ó tẹ̀ ẹ́."

Fùwàd wo lẹ́tà. Ó wo Husnah. Husnah kàn yí táyà àlòkù méjì dojú dé, ó jókòó lé ọ̀kan, ó tú bọ̀bọ́lò àti ẹja tó dì fún ìrìn àjò. Fùwàd fa kọ́kọ́rọ́ yọ lára píkọ́ọ̀pù, ó fi í sápò, ó wá jókòó sórí táyà kejì, ó fọ ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò lọ síbì kankan.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ọládòṣù wà nínú jíìpù lórí òṣùwọ̀n, ó di ìdarí mú. Akíntúndé wà nínú píkọ́ọ̀pù tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ó di òǹtẹ̀ mú. Fùwàd ń jẹ ẹja. Jacques ń mi gééètì, ó ní ọ̀sán Sátidé lòun ń tì í, òun ò sì ní ṣí i títí di ọjọ́ Ajé. Mo ti sọ pé èmi ò mọ nǹkan kan, nítorí náà, ẹ̀yin ni mo ń bi: ta ni yóò kọ́kọ́ dìde?